Ọwọ́ Òsì Ló Jẹ Kílọ́ọ̀ṣì Mi

Ọjọ́ Mọ́ńdè kan ni mo ní kí àwọn ọmọ méjì kan bọ́ sílẹ̀ lórí máṣíìnì mi ní ìsàlẹ̀ òkè, kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn ín gòkè. Ó dùn mí gan-an. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n, obìnrin ni àwọn méjèèjì, àbúrò ṣì wà ní prámárì tú. Abúlé oko kan ni wọ́n ti ń bọ̀, ó sì ti tó ọdún kan àti ààbọ̀ tí mo ti ń gbé wọn torí ọ̀nà kan náà la jọ ń gbà lọ sí iléèwé tí mo ti ń kọ́ wọn. Ìsẹ́yìn ni mò ń gbé, apá ọ̀nà Adó-Àwáyè níbẹ̀ yẹn ni iléèwé wà, ẹni tó bá mọ agbègbè yẹn á mọ̀ pé àpáta ló kún ibẹ̀, ọ̀nà á kàn ṣàdédé gbéra sókè lójú ẹ ni. Mo fún máṣíìnì ní tirótù, ẹ́ńjìnnì ń ké bí ẹni pé a ti ń sáré 80, àmọ́ táyà ẹ̀yìn ò yára ju ẹni tó ń rìn lọ. Bí wọ́n ṣe bọ́ sílẹ̀ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n gba báàgì àbúrò ẹ̀ gbé kọ́rùn, mo gùn ún lọ sókè lọ dúró dè wọ́n. Wọn ò sọ nǹkan kan. Èmi ni mi ò lè wo ojú wọn.

Ẹni tó bá ń gun máṣíìnì ti mọ ohun tó ń ṣe é. Kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀. Tí ẹ bá gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ tán á ti ní pléètì ti jẹ, ẹ mú owó wá ká lọ ra tuntun. Mo sì ti mú owó wá o. Láàárín ọdún kan àti ààbọ̀ yẹn ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti bá mi pààrọ̀ ẹ̀, èyí ló máa jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Owó ẹ̀ ń dùn mí lóòótọ́, owó oṣù tíṣà ò nílò àlàyé, àmọ́ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jùyẹn lọ ni pé kò sẹ́ni tó sọ fún mi ohun tó ń jẹ pléètì ọ̀hún. Àbúrò mi ń fi irú máṣíìnì kan náà ṣe ọ̀kadà n'Ìbàdàn, nínú gosílóò, láàárọ̀ lálẹ́, ó ti lé lọ́dún méjì, kò tíì tú tiẹ̀ rí. Kí ló wá ń ṣe tèmi? Mo ní tí a bá ti gba họlidé míd-tám̀, èmi fúnra mi ni màá tú u nílé, màá fojú ara mi rí ohun tó wà níbẹ̀.

Irú ẹ́ńjìnnì tó wà lára ẹ̀ ni èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní CG. Honda ló kọ́kọ́ gbé CG125 jáde ní 1976, àwọn ará Ṣáínà sì ti ṣe àwòkọ ẹ̀ lóríṣiríṣi. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì yìí ni pé àwọn tó ṣe é mọ irú àwọn tó máa gùn ún, wọ́n mọ̀ pé a ò ní máa tọ́jú ẹ̀ bó ṣe yẹ, wọ́n wá fi pushrod sí i, irin gbọọrọ tó ń ti fáàfù ṣí, nǹkan tó lè bàjẹ́ nínú ẹ̀ ò pọ̀. Ọdún 1976 yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Manaus ní Brazil, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé fídíò tó dáa jù tí mo rí lórí fóònù nípa bí wọ́n ṣe ń tú kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀, èdè Potogí ni ọkùnrin ibẹ̀ ń sọ. Mi ò gbọ́ kan nínú ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ni mò ń wò, mo wò ó tó ìgbà mẹ́wàá kí n tó gbé sípánà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí kílọ́ọ̀ṣì ṣe yé mi báyìí, torí kí n tó tú u, mi ò mọ̀ ju pé tí mo bá fẹ́ pààrọ̀ jíà màá fà á. Ẹ́ńjìnnì, tí ẹ bá ti tàn án, kò gbọ́dọ̀ dúró, tó bá dúró ó ti kú nìyẹn. Táyà ní tiẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dúró, tí ewúrẹ́ bá já sọ́nà, tí ẹ bá dé jọ́ńṣọ̀n. Kílọ́ọ̀ṣì ló wà láàárín àwọn méjèèjì tó ń bá wọn parí ẹ̀. Nínú tèmi pléètì 9 ló wà níbẹ̀. 5 nínú wọn ní nǹkan kan lójú méjèèjì tó dà bíi páálí líle, eyín wọn kọjú síta, eyín yẹn ló ń kọ́ ara ilé kílọ́ọ̀ṣì tí ẹ́ńjìnnì ń yí. 4 yòókù jẹ́ irin lásán, eyín tiwọn wà nínú, wọ́n kọ́ agbedeméjì tó so mọ́ ọ̀nà jíà. Àwọn tó ní páálí lójú là ń pè ní oníwèé. Ẹ máa tò wọ́n ní oníwèé kan, onírin kan, oníwèé kan, onírin kan, sípíríìnì 4 á wá fún gbogbo wọn pọ̀. Kò sí gọ́ọ̀mù níbẹ̀, kò sí bóòtù tó de pléètì mọ́ pléètì, inú ọ́ìlì ni wọ́n tún wà. Ìfúnpọ̀ yẹn nìkan ló ń gbé èmi àti ọmọ méjì àti báàgì wọn àti ìwé tí mo fẹ́ máàkì gun òkè. Tí ọwọ́ òsì bá fa lífà, kébù á yí apá kékeré kan lára bòǹkárà, ìyẹn ìdérí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, apá yẹn á ti sípíríìnì, pléètì á dẹra sílẹ̀. Tí ọwọ́ bá tú lífà, wọ́n tún dì mọ́ra. Mo jókòó wo nǹkan yìí títí, ó wú mi lórí.

Abẹ́ igi máńgòrò tó wà láàárín ilé wa àti ilé bàbá aláṣọ òkè ni mo ti tú u. Bàbá yìí ti lé ní àádọ́rin ọdún, òfì ẹ̀ wà lábẹ́ àtíbàbà tí kò jìnnà sí igi yẹn, ọ̀kọ̀ ẹ̀ ń lọ ń bọ̀ látàárọ̀, tí kò bá sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ ládùúgbò kò ní gbójú sókè. Ọjọ́ yẹn ó gbójú sókè dáadáa.

"Tíṣà, ṣé kì í ṣe pé o fẹ́ ba nǹkan yìí jẹ́?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi ṣàdúrà ni."

"Ẹnu àdúrà ò kúrò lára ẹ. Àmọ́ bí o bá ṣe ń yọ wọ́n ni kí o ṣe máa tò wọ́n. Má kó wọn jọ sínú igbá o."

Mo tẹ́ àpò ajílẹ̀ tí a ti fọ̀ sílẹ̀. Mo ti kọ́kọ́ tan máṣíìnì bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ọ́ìlì lè gbóná díẹ̀, mo tú bóòtù ìsàlẹ̀, mo sì gbe bàsíà sábẹ́ ẹ̀. Ọ́ìlì tó jáde dúdú bí aró, ó ń rùn bí ìyẹ́ adìẹ tí iná jó. Mo ti ń gbóòórùn yẹn lójú ọ̀nà tipẹ́, mo rò pé oko ẹnìkan ni wọ́n ń jó.

Lẹ́yìn ìyẹn mo tú irin tí a ń fẹsẹ̀ lé, mo yọ kíìkì, mo yọ orí kébù. Bòǹkárà apá ọ̀tún ni kílọ́ọ̀ṣì wà, bóòtù nọ́ḿbà 8 ló yí i ká, wọn ò gùn bákan náà, èyí sì ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí yọ́ọ́yọ́ọ́ torí tí ẹ bá ki gígùn síbi kúkúrú ó lè fọ́ álùmínnì. Ohun tí ọkùnrin inú fídíò ṣe ni mo ṣe, mo ya bí bòǹkárà yẹn ṣe rí sára páálí, mo lu ihò sí i, bí mo ṣe ń tú bóòtù kọ̀ọ̀kan ni mò ń ki í sí ihò tiẹ̀. Bàbá rí páálí yẹn, ó mi orí, ó padà sídìí òfì ẹ̀.

Nọ́ọ̀tì àárín ló dá mi dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tú u rí mọ̀ ọ́n, orí ẹ̀ ò dà bíi ti nọ́ọ̀tì yòókù, ó rí róbótó ni, ihò mẹ́rin ló wà létí ẹ̀, kò sí sípánà inú báàgì tó ń mú un. Àwọn mẹkáníìkì wa máa ń gbé ṣísẹ́lì sí i, wọ́n á fi háńmà gbá a títí á fi yí. Nígbà tí mo wo tèmi, etí nọ́ọ̀tì yẹn ti jẹ jágajàga látàrí ṣísẹ́lì ẹ̀ẹ̀mejì tí wọ́n ti tú u. Mi ò fẹ́ gbé ṣísẹ́lì sí i lẹ́ẹ̀kẹta. Mo wá bọ́ sọ́dọ̀ wẹ́dà lẹ́yìn ọjà, mo mú ìwọ̀n dání, ó gé páìpù irin kan, ó fi ẹ̀rọ lọ eyín mẹ́rin sí ẹnu ẹ̀, ó jó irin gbọọrọ kan mọ́ ọn ní ìdábùú fún ọwọ́. Kò tó wákàtí kan. Irinṣẹ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, ẹni mẹ́ta ló ti wá yá a.

Àmọ́ tí ẹ bá ń yí nọ́ọ̀tì yẹn, gbogbo ẹ̀ á máa bá yín yí ni. Mo ki máṣíìnì sí jíà tó ga jù, mo ní kí ọmọ mi ọkùnrin jókòó tẹ búréèkì ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ kó má fi sílẹ̀. Bí táyà ò ṣe lè yí, agbedeméjì kílọ́ọ̀ṣì náà ò lè yí. Ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé ayé ló gbára lé e. Nọ́ọ̀tì dún kà, ó tú.

Mo yọ pléètì lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tò ó sórí àpò. Àwọn oníwèé, ojú wọn ti dán bíi dígí, ó sì ti tín-ín-rín, tuntun ẹ̀ máa ń tó bíi 3 mm, àwọn tèmi ò tó ìyẹn mọ́ rárá, oṣù mẹ́fà péré ni wọ́n sì lò. Àwọn onírin ló bà mí lẹ́rù. Mo mọ irin dúdú, mo mọ irin funfun, àwọn yìí ti di aláwọ̀ aró àti elésè àlùkò bí ọrùn ẹyẹlé. Iná ló máa ń sọ irin dà bẹ́ẹ̀. Mo tẹ́ wọn lé orí gíláàsì lúfà kan tó ti bọ́ lójú fèrèsé, mo fìka tẹ etí wọn, 3 nínú 4 ń mì jẹ́kẹ́jẹ́kẹ́, wọ́n ti wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì tí wọ́n pààrọ̀ fún mi, oníwèé nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀, onírin tó ti wọ́ yìí ni wọ́n ń dá padà sínú ẹ̀ pẹ̀lú tuntun. Kò sí bí tuntun ṣe máa pẹ́.

Àmọ́ ta ló dáná yìí? Ìbéèrè tí mo torí ẹ̀ tú u nìyẹn. Mo gbé lífà wò, mo gbé kébù wò, ó dé ojú mi wàyí. Kébù yẹn ti le dẹ́dẹ́. Ní orí lífà, kí ẹ tó gbọ́ pé ó ń fa nǹkan kan, ó yẹ kí ẹnu ẹ̀ kọ́kọ́ ṣeré bíi 10 sí 20 mm, bí ìbú ìka kan. Tèmi ò ní ìṣeré kankan. Èmi ni mo ń fún un. Tí jíà bá ti wọlé bákan, màá yí ẹnu kébù síwájú díẹ̀, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ màá tún yí i díẹ̀, títí tó fi dé òpin. Kébù tó bá le báyẹn, kò sígbà tí kì í ti sípíríìnì díẹ̀, kódà tí ọwọ́ ò bá sí lórí ẹ̀. Pléètì ò fìgbà kan dì mọ́ra tán. Wọ́n ń họ ara wọn láti Ìsẹ́yìn títí dé iléèwé.

Ẹ wá fi ọwọ́ èmi fúnra mi kún un. Ẹni tó kọ́ mi ní máṣíìnì ní 2011, ọ̀rọ̀ tó máa ń pariwo mọ́ mi létí ni pé "Má fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀! O máa ṣubú!" Mi ò sì fi sílẹ̀ láti ìgbà náà. Ìka méjì ni mo máa ń kọ́ sórí lífà ní gbogbo ìgbà, pàápàá tí mo bá gbé àwọn ọmọ yẹn, torí ẹ̀rù máa ń bà mí nítorí tiwọn. Tí a bá ń gòkè, màá fà á dé ìdajì, màá fún un ní tirótù, màá máa fi ọwọ́ wọn ọ́n. Mo rò pé mò ń ṣọ́ wọn ni.

Ṣé ẹ mọ̀ pé nílé wa, kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọwọ́ òsì ní nǹkan kan? Ọ̀tún la fi ń jẹun, ọ̀tún la fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ọ̀tún la fi ń kọ̀wé, wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ìyá mi ti gbá mi lọ́wọ́ nítorí òsì ju ohun tí mo lè kà lọ. Ó wá di pé iṣẹ́ tó nílò sùúrù jù lórí máṣíìnì, òsì tí a ò kọ́ ní nǹkan kan yìí ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Bó ṣe ń dì mú, bó ṣe ń tú sílẹ̀, àti èyí tó ṣòro jù fún mi, bó ṣe ń kúrò níbẹ̀ pátápátá.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì náà wà níbẹ̀. Ọ́ìlì mọ́tò tó wà lọ́jà ní ọ̀pọ̀ yanturu ni mò ń rà, ó dín owó. Nínú mọ́tò, kílọ́ọ̀ṣì kì í mu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè po nǹkan tó ń yọ̀ mọ́ àwọn kan nínú ọ́ìlì mọ́tò kí epo bẹntiróòlù má baà máa tán kíákíá. Tiwa ń wẹ̀ nínú ẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ike ọ́ìlì dáadáa kí ẹ rí JASO MA níbẹ̀, àwọn ará Jàpáàní ló gbé òdiwọ̀n yẹn kalẹ̀ ní 1998 fún máṣíìnì tí kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀ ń gbé inú ọ́ìlì. Mi ò mọ èyí fún gbogbo ọdún tí mo ti ń gun máṣíìnì.

Mo ra pléètì 9, onírin àti oníwèé, mo ra sípíríìnì 4 torí nígbà tí mo to àwọn ti tẹ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, wọ́n ti kúrú sí i. Mo da ọ́ìlì tuntun sínú abọ́, mo ki àwọn oníwèé sínú ẹ̀ kí wọ́n sùn mọ́jú, wọn ò gbọ́dọ̀ wọlé ní gbígbẹ, wọ́n á jóná lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni. Ìyá àwọn ọmọ jí lówùúrọ̀, ó rí abọ́ ẹ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọ̀sán. Ilé kílọ́ọ̀ṣì náà, ibi tí eyín pléètì ti ń gbá a ti ní ojú kéékèèké, mo fi fáìlì rọra họ ọ́ títí ó fi tẹ́jú, kí pléètì lè máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ láìkọ́.

Mo tò ó lọ́sàn-án Sunday. Oníwèé kan, onírin kan. Mo ki gbogbo ẹ̀ wọlé, mo di nọ́ọ̀tì, ọmọ tún tẹ búréèkì, mo di sípíríìnì, mo de bòǹkárà, mo da ọ́ìlì sí i, mo tan án. Mo ki jíà wan, mo tú ọwọ́ díẹ̀díẹ̀. Máṣíìnì ò mira. Mo tú ọwọ́ pátápátá. Ẹ́ńjìnnì ń dún, àwa méjèèjì dúró síbẹ̀. Ọkàn mi já, kí n má purọ́.

Bàbá ti sọ ọ̀kọ̀ kalẹ̀, ó ti rìn wá. Kò mọ nǹkan kan nípa máṣíìnì, bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, àmọ́ ó ní, "Òwú kan lo fò. Tí aṣọ bá jáde lódì, n kì í wo aṣọ, ibi tí mo ti ta òwú ni mo máa ń padà lọ."

Mo padà lọ. Mo gba ọ́ìlì sínú abọ́ tó mọ́, mo tú gbogbo bóòtù. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé pléètì tó gbẹ̀yìn pátápátá, èyí tí sípíríìnì ń fà láti inú, eyín ẹ̀ ò wọnú eyín agbedeméjì, ó gun orí ẹ̀ ni. Sípíríìnì ti dì lóòótọ́, àmọ́ irin ni wọ́n ń fún mọ́ irin, àwọn pléètì ń ṣeré láàárín, ẹ lè fìka mì wọ́n. Ká ní mo ti fìka mì wọ́n kí n tó de bòǹkárà ni, ǹ bá ti mọ̀. Mo yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún, ó bọ́ sáyè ẹ̀, ó ró tọ́. Mo wá di bóòtù sípíríìnì ní ìdábùú, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lódìkejì, torí bóòtù kékeré ni, inú álùmínnì ló ń wọ̀, ẹni tó bá fi agbára dì í á ṣẹ́ ẹ. Mo fìka mì í. Ó le bí òkúta.

Gáskẹ́ẹ̀tì ti ya nígbà tí mo tú u lẹ́ẹ̀kejì. Mo gé tuntun, mo gbé pépà gáskẹ́ẹ̀tì lé ẹnu bòǹkárà, mo fi orí háńmà kékeré gbá a jẹ́jẹ́ yí etí ká títí ó fi gé ara ẹ̀. Gírísì díẹ̀ ni mo fi pa á. Mi ò lo gọ́ọ̀mù, èyí tó bá ṣẹ́kù nínú lè já bọ́ sínú ọ́ìlì kó lọ dí ọ̀nà ẹ̀. Nígbà tí mo tan án lẹ́ẹ̀kejì tí mo tú ọwọ́, ó gbé mi jẹ́jẹ́ títí dé ẹnu ọ̀nà, ọmọ mi ń sáré tẹ̀lé mi.

Mo lọ rí ọ̀gá mẹkáníìkì lọ́jọ́ kejì, mi ò fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo sọ fún un nípa kébù. Kò bínú. Ó ní òun ti rí i nígbà méjèèjì pé kébù le jù, òun sì tú u sílẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, àmọ́ mo padà wá lọ́jọ́ kẹta tí mò ń ráhùn pé lífà ti dẹ̀, pé iṣẹ́ ò dáa. Mo rántí. Ó ní, "Tíṣà, gbogbo yín lẹ máa ń bínú tó bá dẹ̀. Tó bá le lẹ máa ń rò pé a ti ṣe é." Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ó ti lo ọdún púpọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí, ó mọ ohun tó ń pa pléètì, a ti kọ́ ọ kó máa dákẹ́.

Nígbà tí a wọlé padà, mo dúró de àwọn ọmọ yẹn ní ẹnu abúlé wọn. Wọ́n gùn. Nígbà tí a dé ìdí òkè, ẹ̀gbọ́n ti ń múra láti bọ́ sílẹ̀, mo ní kó jókòó. Jíà kejì, mo sì ká ìka méjèèjì kúrò lórí lífà, mo dì wọ́n mọ́ ọwọ́ máṣíìnì. Ó nira fún mi ju bí ẹ ṣe lè rò lọ. Máṣíìnì gùn ún láìké. Mo ṣì ń rí ìka yẹn tó ń yọ́ padà sórí lífà, nígbà míràn mo ti lọ jìnnà kí n tó mọ̀, màá sì tún ká a kúrò.

Àwọn pléètì onírin mẹ́rin tó jóná yẹn, mo fẹ́ sọ wọ́n nù ni. Bàbá ní kí n kó wọn fún òun. Òwú òfì ẹ̀ máa ń nà jìnnà síwájú, orí pákó kan ni ó so ó mọ́, òkúta ló gbé lé pákó yẹn kí òwú lè le. Ó ní òkúta yẹn ti fúyẹ́ jù fún aṣọ tí òun ń hun lọ́wọ́. Ó kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé ẹ̀gbẹ́ òkúta, ó fọwọ́ gbá òwú wò, ó ní ó tó. Títí di àná wọ́n ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ ọrùn ẹyẹlé wọn, bó ṣe ń hun ni pákó ń wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀.